Agbádá ẹtù bàbá yín: ibo ló jẹ́ ojúlówó, ibo ni wọ́n ti pààrọ̀?

Ní Òkè-Ògùn yìí, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, dé Òkèhò, dé Ìgbòho, àpótí tí aṣọ bàbá wà nínú rẹ̀ ò wọ́n nílé àwọn àgbà. Ó lè jẹ́ ẹtù, ó lè jẹ́ sányán, ó lè jẹ́ àlàárì. Àpótí yẹn làwọn kan ń wá kiri. Wọ́n á wọlé jẹ́jẹ́, wọ́n á kí ìyá àgbà dáadáa, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní aṣọ òfì àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà?" Bí wọ́n bá ti tú aṣọ síta, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé wò. Wọ́n á pòṣé. "Háà, wọ́n ti pààrọ̀ ọrùn ẹ̀. Kì í ṣe oríjínà mọ́." Ibẹ̀ ni owó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀.

Ẹni tó ń rà náà kì í bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ọmọ wa tó wà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù á sanwó gọbọi fún "sányán ọgọ́rùn-ún ọdún", aṣọ á dé ọwọ́ rẹ̀, kó tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì á ti rí i pé òwú lásán tí wọ́n rẹ ní àwọ̀ búráùn ni.

Ohun kan náà ló ń kó bá àwọn méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi odidi aṣọ: ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú? Ìbéèrè yẹn ò tó. Agbádá àtijọ́ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Òwú tí wọ́n fi hun ún ní ọjọ́ orí tiẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán an ní tiẹ̀, ọnà tó wà lọ́rùn ní tiẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ṣe láínìn inú ọrùn náà ní tiẹ̀. Aṣọ lè jẹ́ ojúlówó pátápátá kí àpò rẹ̀ jẹ́ ti àná. Ó sì lè jẹ́ pé ọnà àtijọ́ ni wọ́n gé kúrò lára aṣọ tó ti gbó, tí wọ́n wá rán an mọ́ aṣọ tuntun kí wọ́n lè fi mú ẹni tí ò mọ̀. Torí náà, ńṣe ni ká máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ ẹyọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfì. Òfì táwọn ọkùnrin ń lò n'Ísẹ́yìn kì í hun aṣọ fífẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, bí ìnǹṣì 4 sí 6, ó sì lè gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹ ti rí i tí òwú nà gbọọrọ síwájú ahunṣọ, tí wọ́n gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Bó ṣe ń hun ni òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá hun ún tán, wọ́n á gé e, wọ́n á wá rán àwọn ègé tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó di aṣọ. Awẹ́ ni mo máa pe ègé kọ̀ọ̀kan níbí. Òfì òòró táwọn obìnrin ń lò ní tirẹ̀ máa ń hun aṣọ tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kíjìpá nìyẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Nítorí náà, ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú yín lọ ni ibi tí awẹ́ ti pàdé awẹ́. Ẹ yí aṣọ sódì. Bó bá jẹ́ pé orí òfì ló ti wá lóòótọ́, ẹ máa rí etí méjì tí wọ́n fẹnu kora. Òwú tó ń gba ìbú aṣọ kọjá á dé etí yẹn, á yí padà, á tún wọlé. Kò já, kò sì rí jágajàga. Ẹ tún wò ó bóyá àpẹẹrẹ tó wà lára awẹ́ kan bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu géérégé. Ọwọ́ èèyàn kì í lu òwú bákan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, torí náà àpẹẹrẹ máa ń yẹ̀ díẹ̀ bó bá ti kúrò lára awẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí aṣọ òkè kì í yẹ̀. Ó ti fẹ̀ kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ, ìlà tó dà bí ojú rírán yẹn, wọ́n hun ún mọ́ ọn ni, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i lára. Bí ẹ bá fi èékánná wá etí awẹ́ tẹ́ ò rí i, ẹ ká aṣọ náà fún ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Tépù náà wúlò. Ẹ wọn awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ahunṣọ kan náà lórí òfì kan náà kì í sábà yàtọ̀ púpọ̀ láàárín awẹ́ kan sí èkejì. Bí gbogbo awẹ́ tó wà lára agbádá bá jẹ́ ìnǹṣì 4, tí ẹyọ méjì lábẹ́ apá wá jẹ́ 5, wọ́n ti fi kún un nígbà kan. Bóyá ẹni tó jogún rẹ̀ sanra ju bàbá rẹ̀ lọ! Ìyẹn ò bà á jẹ́, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn etí, òwú ló kàn. Òwú tí àwọn ìyá wa fọwọ́ ran kì í rí bákan náà, ó á nípọn níbí, á tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá na aṣọ sójú oòrùn, ẹ máa rí i. Òwú ilé iṣẹ́ gún régé látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Òwú ilé iṣẹ́ ti wọ ilẹ̀ wa látayé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn ahunṣọ sì ti ń da méjèèjì pọ̀ láti ìgbà yẹn. Bí òwú bá gún régé, kò sọ pé ayédèrú ni aṣọ. Ohun tó ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní aṣọ ayé ogun Kírìjì fún yín.

Sányán ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Sányán gidi kì í ṣe òwú oko rárá, kòkòrò ló ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Anaphe. Àwọn ìdin rẹ̀ máa ń kóra jọ sórí igi, gbogbo wọn á jọ kọ́ ilé ńlá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá kọ́ tiẹ̀ sínú rẹ̀. Irú wọn kan fẹ́ràn igi àjàgbọn, ìdí nìyí táwọn Hausa fi ń pe sílíkì yìí ní tsamiya, tó jẹ́ orúkọ àjàgbọn lédè wọn. Wọ́n á kó ilé kòkòrò náà bọ́ láti orí igi, wọ́n á sè é nínú omi eérú kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Sílíkì àwọn ará Ṣáínà ò rí bẹ́ẹ̀. Tiwọn máa ń tú gbọọrọ láti ara ilé kòkòrò kan láìjá, ìyẹn ló ṣe ń dán yinrin. Tiwa tí wọ́n ran kì í dán tó bẹ́ẹ̀. Dídán rẹ̀ wà níwọ̀nba, bí ara irun ewúrẹ́ tó ń jẹun kánú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, bó sì ṣe ti ara kòkòrò wá ló ṣe rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í rẹ ẹ́.

Ìyẹn ló ń tú ayédèrú fó. Òwú tí wọ́n rẹ ní àwọ̀ sányán máa ń ṣá níbi tí oòrùn àti ọṣẹ ti ń bà á, kó wá pọ́n sí i nínú ojú rírán tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ẹ ṣí ojú rírán díẹ̀ wò. Bí inú àti òde bá jìnnà síra wọn gan-an, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Iná wà pẹ̀lú. Ẹ fa òwú ẹyọ kan, kò ju gígùn ìka lọ, láti inú ojú rírán tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Ẹ gbé e kúrò nítòsí aṣọ, ẹ fi ẹ̀mú gbá a mú lórí abọ́ omi, ẹ ṣáná sí i. Òwú oko á jó kíá, á máa rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á fúyẹ́. Sányán gidi á jó díẹ̀díẹ̀, á máa rùn bí irun orí tí iná bà, dúdú tó kù nídìí rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù á ká kò, á yọ́, á wá le kókó bíi róbà tó jóná. Ẹ rántí pé sányán púpọ̀ ló ní ìlà funfun láàárín awẹ́, òwú oko sì ni ìlà funfun yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ bí èèyàn ṣe fa ìlà funfun, tó dáná sun ún, tó wá pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Òwú búráùn ni kẹ́ ẹ fà.

Àlàárì náà ní ìtàn tiẹ̀. Orúkọ rẹ̀ bá al-harir tan, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pe sílíkì, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àlàárì ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ sílíkì pupa rúsúrúsú tí wọ́n ti rẹ lókè òkun, tí àwọn oníràkúnmí ń kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà láti Tripoli. Nígbà tí òwò aṣálẹ̀ yẹn kú, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, sílíkì náà di ọ̀wọ́n. Àwọn ahunṣọ wa ò jókòó lásán, wọ́n fi òwú oko tí wọ́n rẹ ní pupa àti òwú rayon tí òyìnbó ń kó wá rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àlàárì tó ń dán tí iná rẹ̀ wá ń rùn bí ìwé, rayon nìyẹn. Ẹ fi omi tọ́ òwú kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fà á. Rayon kì í lágbára bó bá tutù, wẹ́rẹ́ báyìí ló ń já. Àlàárì rayon tí wọ́n hun ní ọdún 1950 ṣì jẹ́ aṣọ Ìsẹ́yìn ojúlówó. Kì í ṣe sílíkì Tripoli ni, kí wọ́n má sì tà á ní owó sílíkì Tripoli.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹtù, torí ibẹ̀ làwọn tiwa ti ń fọwọ́ ara wọn ba nǹkan jẹ́. Ara ẹyẹ ẹtù, tí àwọn kan ń pè ní awó, ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, torí dúdú rẹ̀ àti àmì wínníwínní tó wà lára rẹ̀. Òwú ni wọ́n ń rẹ kí wọ́n tó hun ún. Aláró á ri òwú sínú aró ewé èlú lọ́pọ̀ ìgbà títí á fi dúdú tó fẹ́ẹ̀ jọ òru. Òwú tí wọ́n fi ṣe ìlà tín-ín-rín inú rẹ̀, ìwọ̀nba ni wọ́n ń rì í, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

Bí aṣọ bá ti pẹ́, tó ti ń ṣá, àwọn ọmọ á ní káwọn tún un rẹ kó lè ríran kí oníbàárà tó dé. Wọ́n á ri odidi agbádá sínú aró. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ á mu aró, á dúdú mọ́ ìyókù. Òwú ìránṣọ á mu aró. Láínìn á mu aró. Ọnà ọrùn tó yẹ kó funfun tàbí kó pọ́n bíi sányán á di búlúù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó rí i. Aṣọ tí ì bá mówó wá bó ṣe ṣá yẹn ti di aṣọ rírẹ̀. Mo sọ ọ́ kíkankíkan: nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe sí ẹtù àtijọ́, èyí ló burú jù, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má retí pé aró fúnra rẹ̀ máa sọ ọjọ́ orí aṣọ. Láti 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró àtọwọ́dá, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ tó ń mú aṣọ di búlúù bá ti ewé èlú mu. Ẹni tó bá ní òun kàn wò ó lójú òun sì mọ èyí tó jẹ́ ti ewé, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ gbà fún un.

Òwú ìránṣọ ló ń sọ̀rọ̀ tó ṣeé gbà. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán awẹ́ mọ́ awẹ́, abẹ́rẹ́ á máa gba orí etí méjèèjì kọjá ní dídà. Lónìí, télọ̀ á gbé etí kan lé èkejì, á fi ẹ̀rọ gbá a lọ gbọọrọ. Ṣé pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán kì í ṣe ti àtijọ́ nìyẹn? Rárá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Èkejì, àwọn bàbá wa máa ń tú agbádá ká, kí wọ́n tún un rán fún ọmọ tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ìró ìyàwó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú rírán dáadáa, ẹ lè rí ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó ti ṣófo, tó tò lọ bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Aṣọ ti dàgbà ju rírán rẹ̀ lọ nìyẹn, ohun tó dáa ni. Ohun tó yẹ kó fu yín lára ni kí wọ́n sọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì tú aṣọ yìí rí, kí òwú tó rán an wá yọ́ bíi róbà lórí iná. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí pọ́líẹ́sítà ní Ìlú Ọba. Òwú tó ń dán bíi góòlù tàbí fàdákà, tí àwa ń pè ní ṣáínṣáín, irú rẹ̀ tó ń jẹ́ Lurex kò jáde ní Amẹ́ríkà títí di 1946, àwọn ọdún 1970 ló sì gbòde nínú aṣọ òkè. Bó bá wà nínú aṣọ tí wọ́n ní bàbá bàbá wọn wọ̀ lọ pàdé òyìnbó àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti hàn.

Ọrùn àti àyà agbádá ni owó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń tún ṣe jù. Òógùn àti ìkúnra ọrùn máa ń jẹ aṣọ, torí náà láínìn ọrùn ló ń kọ́kọ́ gbó. Kí wọ́n pààrọ̀ láínìn, ohun tó wọ́pọ̀ ni, ìwọ̀nba ló ń yọ nínú owó aṣọ. Ọnà ló yàtọ̀. Ẹ wo iwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọnà àfọwọ́ṣe, òwú kan náà lẹ máa rí níwájú àti lẹ́yìn. Ọnà ẹ̀rọ, òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ máa ń yàtọ̀ síra, torí inú bọ́bìnì ni ti ìsàlẹ̀ ti ń jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín bóyá ìgbó ọnà bá ìgbó aṣọ mu. Ibi tí èèyàn ti ń ká agbádá sórí èjìká máa ń fẹ́lẹ́. Bí ọnà tó gba ibẹ̀ kọjá bá ṣì mọ́ tónítóní, tí aṣọ abẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ, ẹ̀yìn ìgbà tí aṣọ ti gbó ni wọ́n ṣe é. Bí abẹ́rẹ́ ọnà bá gba orí ihò tàbí orí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ kọjá, ẹjọ́ ti parí. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: wọ́n lè ti tú ọnà àtijọ́ kúrò. Níbẹ̀, ẹ máa rí òjìji rẹ̀ lára aṣọ, ibi tí aró ṣì dúdú torí pé ọnà bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ tó yí i ká. Ẹni tí kò bá kíyè sí i á rò pé àbàwọ́n ni.

Tọ́ọ̀ṣì tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là fi ń yẹ owó wò, èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, wúlò níbí pẹ̀lú. Òwú òde òní sábà máa ń ní èròjà tó ń mú kó funfun kọjá ààlà, bí iná náà bá bà á nínú òkùnkùn, á tàn bíi mànàmáná. Òwú àtijọ́ kò ní i. Ṣùgbọ́n ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọṣọ ní èròjà kan náà nínú. Aṣọ àtijọ́ tí wọ́n fi ọṣẹ yẹn fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ara rẹ̀ lè tàn. Nítorí náà, ẹ má wo bóyá aṣọ ń tàn, ìyàtọ̀ ni kẹ́ ẹ wò: bí aṣọ bá dúdú ṣì-ì-ṣì, tí ojú rírán àpò kan ṣoṣo wá tàn, àpò yẹn lẹ máa bi léèrè.

Kì í ṣe Òkè-Ògùn nìkan nirú àyẹ̀wò yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ra jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí àwọn ológun òfurufú wọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A-2 ni wọ́n ń pe èyí tó lókìkí jù, ọdún 1931 ni iléeṣẹ́ ológun wọn gbà á wọlé. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan síwájú yín, wọn kì í béèrè pé ṣé ojúlówó ni. Wọ́n á wo awọ, wọ́n á wo síìpù bóyá ti ìgbà náà ni, wọ́n á wo òwú tí wọ́n fi rán síìpù yẹn bóyá ó bá òwú tó wà níbòmíràn mu, wọ́n á wo lébẹ̀lì inú ọrùn, wọ́n á wo ọrùn ọwọ́ tí wọ́n fi òwú irun àgùntàn hun, torí kòkòrò máa ń jẹ ìyẹn, wọ́n sì sábà ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn náà máa ń tan iná àlùkò yẹn. Níparí, wọ́n á sọ pé: awọ ojúlówó, láínìn ojúlówó, síìpù pípààrọ̀. Owó tó yẹ aṣọ bẹ́ẹ̀ wà, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ó kéré sí ti èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ẹnikẹ́ni kì í pè é ní ayédèrú.

Ohun tó yẹ kí àwa náà máa ṣe nìyẹn. "Wọ́n ti pààrọ̀ ọrùn ẹ̀" kì í ṣe ìdí láti sọ aṣọ di ẹ̀bùn. Bí awẹ́ 20 bá jẹ́ ẹtù àfọwọ́ran tí kò ní àléébù, tí ọrùn nìkan jẹ́ tuntun, iye ọrùn ni kí wọ́n yọ. Àtúnṣe ò sì jọ ìtànjẹ. Ìyá tó fi awẹ́ mìíràn lẹ ihò eku lára agbádá ọkọ rẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi tíì tàbí ẹrẹ̀ pa aṣọ tuntun lára kó lè dà bíi ti àtijọ́ ló tan èèyàn, a sì máa ń mọ̀ ọ́n, torí ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń dọ́gba níbi gbogbo. Aṣọ tí èèyàn wọ̀ kì í gbó dọ́gba. Ọrùn, èjìká, etí apá àti ibi tí ọwọ́ ti ń wọ àpò ló ń kọ́kọ́ lọ. Òwe wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Gbogbo àyẹ̀wò ọwọ́ àti ojú yìí, ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ pé aṣọ kò lè ju ọdún báyìí lọ. Kò rọrùn fún un láti sọ ọdún tí wọ́n hun ún gan-an. Ìwé àti fọ́tò ló ń ṣe ìyẹn. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ẹ̀wù àtijọ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa wà nínú mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n ní láti Àlàdá ló ti wá, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Christoph Weickmann ló kó o jọ pẹ̀lú ọpọ́n Ifá kan tó lókìkí káàkiri ayé. Kí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti lé ní 350 ọdún? Kì í ṣe òwú rẹ̀. Weickmann tẹ ìwé tó to ẹrù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1659, ẹ̀wù náà sì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé yẹn, ńṣe la ò bá máa jiyàn lórí rẹ̀ dòní.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí oníbàárà wọlé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó kù nílé. Ẹ bi wọ́n léèrè ta ló ni ín, ta ló hun ún, agboolé wo, ìgbà wo ló wọ̀ ọ́, ta ló tún ọrùn rẹ̀ ṣe àti lọ́dún wo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí fọ́tò bàbá bá wà níbi tó ti wọ aṣọ náà, ẹ ya á pamọ́ sórí fóònù, kẹ́ ẹ fi ọnà inú fọ́tò wé ti ara aṣọ. Bí méjèèjì bá bára mu, kò sí oníbàárà tó lè sọ fún yín pé wọ́n pààrọ̀ ọnà. Ẹ má fún wọn ní fọ́tò ojúlówó yẹn mọ́ aṣọ àfi tí wọ́n bá san owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí pẹ̀lú fọ́tò yẹn, iye tí wọ́n máa tún un tà á máa ròkè.

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ ẹ́. Ẹ má sì gbé e lọ fún télọ̀ pé kó bá yín "tún un ṣe díẹ̀". Bí awẹ́ bá ti fẹ́ tú, ẹ jẹ́ kó tú.

Èyí tẹ́ ò bá tà, ẹ má gbé e kọ́ sórí háńgà, agbádá wúwo, èjìká rẹ̀ á fà ya. Ẹ ká a lérò pẹ̀lú aṣọ funfun tó mọ́ láàárín, kẹ́ ẹ máa yí ibi tẹ́ ẹ ti ká a padà lọ́dọọdún kí ojú kíká má baà gé e. Káńfọ̀ dáa fún sányán, torí kòkòrò fẹ́ràn sílíkì, ṣùgbọ́n ẹ dì í sínú ègé aṣọ kó má fara kan òwú. Àpótí onígi tàbí ti páànù, kó má sì sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, pàápàá nígbà òjò tí ògiri ilé amọ̀ máa ń mu omi.